Sítáńdì Tí Kì Í Gbé Jẹ́ẹ́

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí, ti àwa tí ń gun alùpùpù ni, ṣùgbọ́n kí ẹni tí kò ní alùpùpù má ṣe ṣí ojú ìwé yìí kọjá, nítorí pé bí kò bá gun tirẹ̀, yóò gun ti ọlọ́kadà, bí òun fúnra rẹ̀ kò bá sì gun ti ọlọ́kadà, ọmọ rẹ̀ tí ń lọ sí ilé-ìwé yóò gùn ún.

Òǹkàwé kan ni ó kọ̀wé sí mi. Ó ní bí òun bá ti bọ́ sí ojú ọ̀nà tí kò dára, òun a máa gbọ́ "gbá-gbá-gbá" lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, bí ẹni pé ẹnìkan ń fi òòlù lu ikùn alùpùpù náà. Ó ní nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, òun rí i pé sítáńdì ni ó ń fò sókè fò sódò. Mẹkáníìkì òun sì ní kí òun wá rọ́bà so ó, pé kò sí ohun tí yóò ṣe. Ó wá béèrè pé kí ni èmi rí sí i. Nígbà tí mo ka lẹ́tà náà tán, ńṣe ni mo gbé e fún ìyàwó mi. Ó kà á, ó wo ojú mi, ó ní, "Ẹ tètè dá a lóhùn o." Ẹ ó mọ ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Sítáńdì méjì ni ó máa ń wà lára ọ̀pọ̀ alùpùpù. Ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì, òun ni a fi ń gbé e dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá fẹ́ yára ra àkàrà. Èkejì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ó wà lábẹ́ ikùn alùpùpù, òun ni a máa ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí a ó sì fa alùpùpù sẹ́yìn gùn ún, títí táyà ẹ̀yìn yóò fi kúrò nílẹ̀. Ti ẹlẹ́sẹ̀ méjì yìí, tí èmi yóò máa pè ní sítáńdì ńlá, ni mo ń sọ.

Orí bóòtù tàbí irin gbọọrọ kan ni sítáńdì ńlá ti ń yí, bí ilẹ̀kùn ti í yí lórí híńjì. Nígbà tí a bá ń rìn, kò sí ohun mìíràn tí ó gbé e mọ́ òkè ju sípíríǹgì lọ. Sípíríǹgì náà so mọ́ ara alùpùpù ní apá kan, ó so mọ́ sítáńdì ní apá kejì. Ọgbọ́n kan wà nínú rẹ̀ tí ó wù mí púpọ̀. Bí sítáńdì bá wà lókè, sípíríǹgì a máa fà á sókè. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ kọjá ibi kan, sípíríǹgì kan náà a yí padà, a bẹ̀rẹ̀ sí í fà á mọ́lẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé sípíríǹgì ti kọjá láti apá kan bóòtù náà sí apá kejì. Ẹni tí ó bá ní ọ̀bẹ tí à ń ṣẹ́ po sínú èèkù yóò mọ ohun tí mo ń wí. Bí o bá ṣí ọ̀bẹ náà díẹ̀, ó fẹ́ padà sínú èèkù; bí o bá ṣí i jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó fò lọ síwájú fúnra rẹ̀. Ní agbedeméjì ni sípíríǹgì ti gùn jù. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà sí i.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ Robert Hooke ni ó tẹ òfin sípíríǹgì jáde ní ọdún 1678. Mo kọ́ òfin yìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, mo sì ti so òkúta mọ́ sípíríǹgì lójú àwọn ọmọ kíláàsì mi láìmọye ìgbà: bí òkúta kan bá fà á gùn ní ìwọ̀n ìka kan, òkúta méjì bẹ́ẹ̀ yóò fà á gùn ní ìwọ̀n ìka méjì. Ṣùgbọ́n ààlà wà. Bí a bá fà á kọjá ààlà, kò ní padà sí bí ó ti wà mọ́ láéláé. Èmi tí mo ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ èyí sára pátákó, sípíríǹgì abẹ́ alùpùpù tèmi ti kọjá ààlà fún oṣù mẹ́ta gbáko, èmi kò mọ̀.

Ọdún 2021 ni. Abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ́ni nígbà náà, ọ̀nà rẹ̀ yà kúrò lára ọ̀nà tí ó ti Ìsẹ́yìn lọ sí Òkèhò. Àlòkù ni mo ra alùpùpù náà lọ́wọ́ olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀nà di kòtò àti gálọ́ọ̀pù, ariwo náà bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan. Ó gùn ún lẹ́ẹ̀kan, ó ní ṣọ́kì ẹ̀yìn ni. A pààrọ̀ ṣọ́kì méjèèjì, owó oṣù mi sì fara gbọgbẹ́. Ariwo kò lọ. Mo tún padà, ó ní ṣéènì ni ó dẹ̀. Ó fà á le. Òótọ́ ni pé ṣéènì tí ó dẹ̀ a máa pariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ariwo tèmi kò yí padà. A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, à ń pa làpálàpá.

Ọmọ ilé-ìwé kan ni ó là mí lójú. Ó ń sáré tẹ̀lé mi lẹ́yìn lọ́jọ́ kan, ó sì kígbe pé, "Sà, ẹsẹ̀ alùpùpù yín ń ta bí ẹsẹ̀ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́!" Mo dúró, mo wò ó: sítáńdì ńlá ni. Inú mi dùn pé ohun kékeré ni. Mo gé túùbù kẹ̀kẹ́ kan tẹ́ẹ́rẹ́, mo fi so sítáńdì mọ́ ara alùpùpù, ariwo sì dákẹ́. Mo lọ fi ṣe fáàrí fún àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo ní owó ṣọ́kì tí mo ná dùn mí, pé túùbù àpatì ni mo fi ṣe ohun tí mẹkáníìkì kò lè ṣe.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Ẹtì kan, mo gbé ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún méje, sẹ́yìn, à ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Èmi kò mọ̀ pé ibi tí mo gbé túùbù gbà kan sàlẹ́ńsà. Ooru ti ń jẹ ẹ́ díẹ̀ díẹ̀. Bí a ti sọ̀ kalẹ̀ sí odò kan, mo gbọ́ ọ: gbá, gbá. Mo mọ̀ pé ó ti já. Mo wí nínú ara mi pé kí a dé ilé ná. Ìsàlẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀nà ti yí sí ọwọ́ ọ̀tún. Mo tẹ alùpùpù sí ọ̀tún bí a ti í ṣe, ẹsẹ̀ ọ̀tún sítáńdì sì bọ́ sílẹ̀ lé orí òkúta kan tí ó yọ orí. Ó gbé táyà ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀. Kí n tó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀, a ti wà nílẹ̀, alùpùpù wà lórí ẹsẹ̀ ọ̀tún wa méjèèjì, sàlẹ́ńsà sì wà lórí iṣan ẹsẹ̀ ọmọ náà.

Èmi kò ní fa èyí gùn. Awọ ẹsẹ̀ rẹ̀ bó. Ìyá àgbẹ̀ kan tí ó ń ti oko bọ̀ fẹ́ fi epo pupa ra á, ṣùgbọ́n omi odò wà nítòsí, mo sì gbé ẹsẹ̀ náà sínú rẹ̀ bí ó ti ń ṣàn títí ọmọ náà fi dẹ́kun ariwo. Nọ́ọ̀sì tí ó tọ́jú rẹ̀ sọ fún wa lẹ́yìn náà pé omi tútù tí ń ṣàn, fún bí ogún ìṣẹ́jú, ni ìtọ́jú àkọ́kọ́ fún iná, kì í ṣe epo, kì í ṣe ẹyin, kì í ṣe ọṣẹ ìfọyín. Pé omi tí ó mọ́ ni ó sì dára jù. Ó san. Àpá rẹ̀ wà níbẹ̀ di òní.

Nísinsìnyí, àwọn kan yóò sọ fún yín pé sítáńdì ńlá tí ń fò kò léwu, nítorí pé ẹ̀yìn ni ó máa ń ká sí. Bí a bá ń lọ síwájú tí ó sì kan ilẹ̀, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò tì í padà sókè. Òótọ́ ni, níbi tí ọ̀nà bá gún tí ó sì tẹ́jú. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ alùpùpù sí ẹ̀gbẹ́ láti yí kọ́nà, ẹsẹ̀ kan sún mọ́ ilẹ̀ ju èkejì lọ, òkúta kékeré sì tó láti gbé táyà ẹ̀yìn. Bí a bá wà lórí òkè tí alùpùpù sì ń yí padà sẹ́yìn, ńṣe ni ẹsẹ̀ yẹn yóò rì mọ́lẹ̀ bí ọ̀pá àgọ́. Bí sípíríǹgì bá sì já pátápátá, wíwọ́ nílẹ̀ ni yóò máa wọ́.

Ẹni tí ó tún tèmi ṣe, ọmọ tí mo kọ́ ní kíláàsì karùn-ún ni. Nígbà náà, ìṣirò a máa yọ ọ́ lẹ́nu, èmi ni mo sì fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde rẹ̀ pé kò fiyè sí ẹ̀kọ́. Ó ti kọ́ iṣẹ́ mẹkáníìkì, ó gba òmìnira, ó sì ní ìsọ̀ tirẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Nígbà tí mo ti alùpùpù dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Sà, ẹ jẹ́ kí sàlẹ́ńsà tutù ná."

Nígbà tí ó tutù, ó fi sítáńdì ẹ̀gbẹ́ gbé e dúró, ó na ọwọ́ sábẹ́, ó fa sítáńdì ńlá wálẹ̀ ní ìwọ̀n ìka méjì, ó sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó rọra padà sókè bí arúgbó tí ń gun àtẹ̀gùn. Ó ní èyí tí ara rẹ̀ dá gbọ́dọ̀ padà kíá, kí ó sì dún "pà". Ó wá di ẹsẹ̀ sítáńdì mú, ó mì í sí ọ̀tún, ó mì í sí òsì. Ó ń mì lọ mì bọ̀ bí eyín ọmọ ọdún mẹ́fà. Ó yọ sípíríǹgì, ó gbé e sókè sí oòrùn.

"Sà, ẹ wò ó. Ṣé ẹ rí ìmọ́lẹ̀ láàárín rẹ̀?"

Mo ní mo rí i.

"Irú sípíríǹgì yìí, bí kò bá sí ohun tí ó ń fà á, gbogbo ìká rẹ̀ gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti gba àárín rẹ̀ kọjá, ó ti kú nìyẹn."

Mo fẹ́ sọ fún un pé mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ láti ọdún tí mo ti wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Mo pa ẹnu mọ́.

Lẹ́yìn náà ni ó fi hàn mí ohun tí èmi ìbá máà rí láé. Ó yẹ kí rọ́bà kan wà níbi tí sítáńdì ti ń simi nígbà tí ó bá wà lókè, kí irin má baà lu irin. Rọ́bà náà ti jẹ tán, ihò bóòtù rẹ̀ nìkan ni ó kù, ara irin ibẹ̀ sì ń dán yinrinyinrin. Ó ní ibi tí irin bá ti ń dán lábẹ́ alùpùpù tí ìyókù dípẹtà, kí a mọ̀ pé ibẹ̀ ni ìjà wà. Kì í ṣe lábẹ́ gbogbo alùpùpù ni rọ́bà yìí ti wà ní ojú kan náà o. Ti òmíràn ń simi lára férémù, ti òmíràn lára sàlẹ́ńsà, ti òmíràn lára apá irin tí ó di táyà ẹ̀yìn mú.

Àìsàn mẹ́ta ni nígbà náà: sípíríǹgì ti kú, rọ́bà ti lọ, ihò tí sítáńdì ti ń yí sì ti fẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí òǹkọ̀wé mi mú lọ sílé nìyí, nítorí mo mọ̀ pé yóò lọ ra sípíríǹgì tuntun nìkan. Sípíríǹgì tuntun yóò fa irin lu irin pẹ̀lú agbára ju ti àtijọ́ lọ. Ihò tí ó ti fẹ̀ yóò sì máa jẹ́ kí sítáńdì wọ́ ẹnu kọ́ọ̀kọ́ sípíríǹgì náà síhìn-ín sọ́hùn-ún títí yóò fi já. Kí ó má sì ṣe gba sípíríǹgì alùpùpù mìíràn lọ́wọ́ ẹni tí yóò sọ fún un pé gbogbo wọn jọra. Èyí tí ó gùn jù kò ní fà á dáadáa. Èyí tí ó kúrú jù, ní agbedeméjì ọ̀nà níbi tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, yóò nà kọjá ààlà rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ọmọkùnrin náà tú sítáńdì kúrò, ó fi kẹrosíìnì fọ ẹrẹ̀ gbígbẹ àti gírísì tí ó ti di bí ọ̀dà kúrò lára rẹ̀, sítáńdì nìkan ni ó sì gbé lọ sí ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Ẹ kíyè sí i pé kò ti alùpùpù lọ síbẹ̀. Bí iṣẹ́ iná bá máa kan ara alùpùpù fúnra rẹ̀, kí a yọ wáyà bátìrì, kí a gbé táǹkì epo jìnnà réré. Wẹ́dà fi irin dí ihò náà, ó tún un lù ní ìwọ̀n tí ó yẹ. A ra bóòtù tuntun, a fi gírísì kùn ún dáadáa. Kò jẹ́ kí nọ́ọ̀tù le jù, nítorí bí ó bá fún sítáńdì pa, kò ní lè yí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní lè gòkè tán. Ó ki wáyà kékeré bọ ihò ẹnu bóòtù, ó ká a, kí nọ́ọ̀tù má baà tú.

Rọ́bà ńkọ́? Ó rán mi sí ọ̀dọ̀ baba kan tí ń fi táyà ọkọ̀ rán bàtà. Baba náà gé ẹyọ kan fún mi tí ó nípọn tó àtàǹpàkò, kò gba owó. A lu ihò sí i, a fi bóòtù kékeré dè é, a sì jẹ́ kí orí bóòtù rì sínú rọ́bà kí ó má baà kan irin. Ara férémù ni tèmi ti ń simi, nítorí náà ó bá a mu. Ẹni tí tirẹ̀ bá ń simi lára sàlẹ́ńsà, kí ó wá rọ́bà tí wọ́n ṣe fún un gan-an. Èmi ti rí ohun tí ooru ń ṣe fún rọ́bà.

Ó wá ku kí á fi sípíríǹgì tuntun sí i. Ibí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń fi ọwọ́ ṣèṣe, nítorí sípíríǹgì náà le. Wọn a máa fi sukudiráfà fà á, a ta mọ́ wọn lọ́wọ́, òmíràn a ta sí ojú. Ọmọkùnrin yìí mú okùn kan wá tí ó fi sin kọ́bọ̀ oníhò jọ bí ìlẹ̀kẹ̀, kọ́bọ̀ tí wọ́n ń ná kí náírà tó rọ́pò pọ́n-ùn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973. Ó ní bàbá àgbà òun ni ó ni wọ́n. Ó tẹ sípíríǹgì bí ọrun, ìká rẹ̀ ṣí ní apá kan, ó ki kọ́bọ̀ bọ àárín wọn. Ó tẹ̀ ẹ́ sí apá kejì, ó tún kì í. Bí ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ ni sípíríǹgì ń gùn sí i, títí tí ó fi gùn tó láti fi ọwọ́ lásán so ó ní òkè àti ní ìsàlẹ̀. Ó yí ojú sí ẹ̀gbẹ́, ó tẹ sítáńdì dé agbedeméjì, sípíríǹgì nà, kọ́bọ̀ sì ń já bọ́ ṣáńṣán. Ẹni tí kò bá ní kọ́bọ̀ àtijọ́ lè lo wáṣà pẹlẹbẹ, tàbí ẹyọ náírà kan tí wọ́n ṣe jáde ní ọdún 2007. Mo rò pé iṣẹ́ yìí yẹ ẹ́ ju ọjà lọ.

Ó ṣa kọ́bọ̀ náà, ó kà wọ́n. Ó tún kà wọ́n. Ó ní, "Sà, mẹ́rìndínlógún ni mo kì sínú rẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló jáde." Mo ní ó lè ti yí lọ sábẹ́ àpótí. Ó ní rárá, ó na ọwọ́ sábẹ́ alùpùpù, ó sì yọ ọ̀kan tí ó há sí àárín ìká méjì. Bí ó bá fi í sílẹ̀ níbẹ̀, sípíríǹgì tuntun kò ní lè padé, ìṣòro àtijọ́ yóò sì padà wá. Ìṣirò rẹ̀ pé ní ọjọ́ náà ju tèmi lọ.

Èmi náà fi ọgbọ́n olùkọ́ kún un. Mo fi ṣọ́ọ̀kì funfun kun ojú rọ́bà náà, mo gun alùpùpù la ọ̀nà tí ó burú jù ládùúgbò, mo sì padà wá wò ó. Àmì ṣọ́ọ̀kì kan ṣoṣo ni ó wà lára férémù, ó dúró sójú kan. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń fò, ìbá ti ra ṣọ́ọ̀kì káàkiri.

Mo mọ àwọn ọlọ́kadà kan tí wọ́n ti yọ sítáńdì ńlá kúrò pátápátá, wọ́n ní ó dín wàhálà kù. Èmi kò bá wọn jà, ó sàn ju kí ó máa fò lọ. Ṣùgbọ́n mo ti rí ọ̀kan nínú wọn tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ jò lójú ọ̀nà oko, tí ó ń wá òkúta tí yóò kì sábẹ́ alùpùpù nígbà tí òjò ń pa á.

Sí ìwọ òǹkọ̀wé mi: tú rọ́bà yẹn kúrò lónìí. Bí sípíríǹgì bá já mọ́ ọ lọ́wọ́ ní ìrìn àjò tí o sì ní sípánà, tú bóòtù sítáńdì, gbé e sínú àpò. Bí kò bá sí sípánà, fi wáyà so ó, kì í ṣe rọ́bà, kì í ṣe okùn, kí wáyà náà jìnnà sí ṣéènì, sí táyà àti sí sàlẹ́ńsà, kí o sì rọra lọ tààrà sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì.

Ọmọ mi fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé fún oṣù kan lẹ́yìn tí ọgbẹ́ rẹ̀ jiná, èmi náà sì ń ti alùpùpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. N kò bá a wí. Ní ọjọ́ Ajé tí ó fẹ́ gùn ún padà, kò tíì sí ẹni tí ó tan iná sí alùpùpù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ sítáńdì wálẹ̀ díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kúrò, ó sì dún "pà". Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ni ó gun ẹ̀yìn mi.